Ìgbà Ìwọ́wé ní Ìlú Ọba: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìpápánu, Eré àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Olówó Pọ́ọ́kú fún Ìdílé

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba máa ń béèrè: kí ni àwọn ọmọ yóò máa ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ń tètè ṣú, kí ni a lè sè, kí ni a sì lè fi ọwọ́ ṣe láìjẹ gbèsè? A kó àwọn ìbéèrè náà jọ síhìn-ín, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó gba àròjinlẹ̀. Ìlú Ọba ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn náà dá lé. Ibi tó bá kan àwọn ará Amẹ́ríkà, a ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà wo gan-an ni ìgbà ìwọ́wé?

Àwọn onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ní Ìlú Ọba máa ń kà á láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Àwọn tó ń fi ìrìn oòrùn ṣírò ọdún ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba, wọ́n sì ń kà á títí di nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá ń gbé ní gúúsù Brazil tàbí ní Australia yóò yí i padà, nítorí oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni ti ọ̀dọ̀ wọn.

Fún ìdílé tó ní ọmọ kékeré, kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ wúlò ju ìṣirò méjèèjì lọ. Èso pọ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án, ewé pọ́n jù lọ nínú oṣù Kẹwàá nígbà tí ìsinmi ráńpẹ́ àárín táàmù máa ń bọ́ sí, iná ńlá tí wọ́n ń dá ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ló sì máa ń kẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Kí ló dé tí ewé fi ń pọ́n kí ó tó wọ́?

Bí ojúmọmọ ṣe ń kúrú, tí òtútù sì ń wọlé, igi á dẹ́kun àtimáa pèsè ohun tó ń sọ ewé di tútù yọ̀yọ̀, èyí tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti ṣe oúnjẹ. Nígbà tí ohun náà bá ti tán nínú ewé, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ á wá hàn síta. Pupa yàtọ̀: igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é ni, láti inú ṣúgà tó ṣẹ́ kù sínú ewé. Ìdí nìyí tí pupa fi máa ń jinlẹ̀ ní ọdún tí oòrùn bá ń ràn lọ́sàn-án tí òru sì tutù láìdi yìnyín.

Ọmọ tó bá béèrè bóyá igi ilé náà ń wọ́wé, ẹ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Àràbà àti ìrókò máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ọ̀dá omi ló ń fà á níbẹ̀, kì í ṣe òtútù.

Kí ni a nílò nílé kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́?

Gọ́ọ̀mù, àlùmọ́gàjí, òwú, kréyọ́ọ̀nù, ìwé ìròyìn àtijọ́, páálí tí wọ́n fi kó ọjà wá sílé, páálí ẹyin, àti èèpo àlùbọ́sà tí a ó máa kó sínú àpò kan láti ìsinsìnyí lọ. Ẹ má ra àwọn àpò iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ìsọ̀ ńlá máa ń tò síta nínú oṣù Kẹsàn-án. Ewé oníke ló kún inú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì ṣòro láti lóye ìdí tí ẹni tí ewé gidi ti kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò fi lọ sanwó fún ewé oníke.

Báwo ni a ṣe lè tọ́jú ewé tí ọmọ ṣà, kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa tètè ṣá?

Ẹ ṣà á ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, nítorí ewé tó tutù máa ń hu olú. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn méjì láìjẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì, kí ẹ sì gbé ohun wúwo lé e lórí. Bíbélì ńlá, ìwé atúmọ̀ èdè, àpò ìrẹsì, èyíkéyìí nínú wọn dára. Ẹ pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ewé igi maple àti ti beech máa ń gbẹ dáadáa. Ewé tó nípọn ń pẹ́.

Ewé tó ti gbẹ ni a lè so mọ́ òwú kí a sì ta á sójú fèrèsé, tàbí kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí láti ya ẹyẹ, ẹja tàbí ojú ènìyàn. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè ṣe èyí tó tún rọrùn jù: ẹ fi ewé sábẹ́ bébà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè, kí ọmọ dá kréyọ́ọ̀nù délẹ̀ kí ó sì máa fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa orí bébà náà títí gbogbo iṣan ewé yóò fi yọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí màmá àgbà ní ilé, bébà tí wọ́n pa ní kréyọ́ọ̀nù yìí ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe ewé fúnra rẹ̀, nítorí òfin wà lórí ohun ọ̀gbìn tó ń kọjá ẹnubodè.

Àwọn ọmọ kó èso dúdú-pupa tó ń dán wálé láti abẹ́ igi. Ṣé a lè sun ún jẹ?

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ó jẹ́, nítorí oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan nínú wọn sì ní májèlé. Èyí tí àwọn ọmọ máa ń rí jù nínú pápá ìṣeré ni conker, èso igi horse chestnut. Èèpo òde rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀gún rẹ̀ kò pọ̀, ó kúrú, ó sì jìnnà síra. Èso inú rẹ̀ rí roboto, kò ní ṣóńṣó. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, inú rírun àti èébì ni yóò kó bá a. Èyí tó ṣeé jẹ ni sweet chestnut: ẹ̀gún èèpo rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè fi ọwọ́ lásán mú un, èso méjì tàbí mẹ́ta sì máa ń wà nínú èèpo kan, pẹ̀lú ṣóńṣó kékeré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó sun sweet chestnut, ẹ fi ọ̀bẹ la èèpo èso kọ̀ọ̀kan díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bú gbàù nínú oven. Ní 200°C, ó máa ń jinná ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 sí 30. Ẹ bó o nígbà tó ṣì gbóná. Adùn rẹ̀ jọ ti ọ̀dùnkún díẹ̀.

Ní ti conker, eré ló wà fún. A ó lu ú ní ihò, a ó ki okùn bọ̀ ọ́, a ó ta okùn náà ní kókó nísàlẹ̀, ọmọ méjì yóò sì máa fi tiwọn na ti ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ọ̀kan yóò fi fọ́. Láti ọdún 1965 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje àgbáyé rẹ̀ ní agbègbè Northamptonshire nínú oṣù Kẹwàá, àwọn àgbàlagbà sì ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Àgbàlagbà ni kí ó lu ihò náà. Èso yìí ń yọ̀ lọ́wọ́.

Ṣé òfin gbà wá láyè láti ká èso tó hù fúnra rẹ̀?

Ní England àti Wales, òfin olè jíjà ti ọdún 1968 sọ pé ẹni tó bá ká èso, òdòdó, ewé tàbí olú lára ohun tó hù fúnra rẹ̀ kò jalè, níwọ̀n ìgbà tí kì í bá ṣe fún títà. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé ẹ lè wọ ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ hú irúgbìn tigbòǹgbò tigbòǹgbò láìgba àṣẹ. Àwọn ọgbà ìtura kan ní òfin tiwọn: ní àwọn Royal Parks tó wà ní London, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni ká ohunkóhun. Ẹ ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Blackberry ló rọrùn jù fún ìdílé. Etí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló máa ń wà, ó sì máa ń so láti ìparí oṣù Keje dé inú oṣù Kẹsàn-án. Àwọn àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn àjọ̀dún Máíkẹ́lì Mímọ́, ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, nítorí èṣù ti tutọ́ sí i lára. Èèwọ̀ tó lọ́gbọ́n nínú ni, nítorí pé bí òjò àti òtútù bá ti mú un, ó máa ń di omi, ó sì máa ń bu. Ẹ ká èyí tó ga ju ibi tí ajá lè gbé ẹsẹ̀ dé.

Olú ńkọ́? Màmá wa mọ olú dáadáa ní ilé.

Rárá. Ẹni tó mọ olú igbó Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì kò tíì mọ olú Ìlú Ọba. Èyí tí wọ́n ń pè ní death cap máa ń hù lábẹ́ igi oaku láti ìparí ìgbà ooru dé inú oṣù Kọkànlá, ó rí bí ohun tó ṣeé jẹ, síse kò pa oró rẹ̀, ara ẹni tó jẹ ẹ́ sì lè máà sọ nǹkan kan fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ ra olú lọ́jà.

Elégédé kún ìsọ̀ gbogbo nínú oṣù Kẹwàá, owó rẹ̀ sì kéré. Kí ni a lè fi ṣe?

Èyí ni ìbéèrè tó yẹ kí ilé Yorùbá dáhùn fún àwọn aládùúgbò wọn, nítorí àwa tí a ń jẹ gbọ̀rọ̀ mọ̀ pé láti orí ewé dé orí kóró, kò sí ibi tí a ń jù nù lára elégédé. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń rà fún gbígbẹ́ ojú sí lára ni wọ́n ń dà nù láìtọ́ ọ wò. Lóòótọ́, èyí tó tóbi yẹn lómi, kò sì dùn tó àwọn kékeré bíi butternut tàbí Crown Prince. Síbẹ̀, ó ṣeé jẹ, pàápàá nínú ohun tó ní atalẹ̀, ata àti iyọ̀ dáadáa.

Bí ọmọ bá fẹ́ gbẹ́ ojú sí i, ẹ ha ẹran inú rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì. Ẹ má jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sun ìta pẹ̀lú àbẹ́là nínú kí ẹ tó máa ronú ọbẹ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sè é pẹ̀lú omi díẹ̀ tàbí kí ẹ yan án nínú oven, kí ẹ sì gún un. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ṣeé dì sínú fírísà.

Ohun tí àwọn ọmọ kì í kọ̀ ni puff-puff elégédé. Ẹ po ìyẹ̀fun 300 gíráàmù, elégédé gígún 200 gíráàmù, ṣúgà 60 gíráàmù, ìwúkàrà gíráàmù méje, iyọ̀ díẹ̀ àti nutmeg tí a rin. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ẹ ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, nítorí elégédé kan lómi ju òmíràn lọ. Kí ó ki ju ti puff-puff lásán lọ díẹ̀. Ẹ bò ó fún wákàtí kan kí ó wú, kí ẹ sì dín in nínú òróró tí kò gbóná jù, nítorí ṣúgà inú elégédé ń tètè mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú kí inú tó jinná.

Kóró rẹ̀ wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò nínú okùn rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ da òróró ṣíbí kan àti iyọ̀ sí i, kí ẹ yan án ní 170°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. A lè jẹ ẹ́ tèèpotèèpo. Àwọn tó bá sì ní sùúrù lè bó o bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gúsí, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi sebẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé lókè òkun ló ti ń lo kóró elégédé bíbó dípò ẹ̀gúsí ní ìlú tí kò ti sí ìsọ̀ aláwọ̀ dúdú, ọbẹ̀ náà sì máa ń dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ máa ń tutù díẹ̀.

Ohun tó bá kù, ẹ gbé e sínú garawa ìdọ̀tí oúnjẹ. Ẹ má gbé e lọ sínú igbó ní èrò pé ẹranko yóò jẹ ẹ́. Ó máa ń da inú hedgehog, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún, rú, ní àkókò tí ẹranko kékeré náà ń gbìyànjú láti sanra de òtútù.

Kí ni a lè fi ápù ṣe láìná owó púpọ̀?

Aládùúgbò tó ní igi ápù sábà máa ń kó o sínú páálí sẹ́nu ọ̀nà kí ẹni tó bá fẹ́ mú. Ẹ mú un. Kì í ṣe agbe. Crumble ló rọrùn jù: ẹ bó ápù mẹ́fà, ẹ gé e, ẹ wọ́n ṣúgà ṣíbí méjì sí i nínú abọ́ tó lè wọ oven. Ẹ fi ìka ọwọ́ po bọ́tà tútù 100 gíráàmù mọ́ ìyẹ̀fun 200 gíráàmù títí yóò fi dà bíi gàrí, ẹ da ṣúgà 80 gíráàmù sí i, ẹ dà á bo ápù náà, kí ẹ sì yan án ní 180°C fún ìṣẹ́jú 40. Ọmọ kékeré gan-an lè po bọ́tà yẹn. Bí ẹ bá ní blackberry, ẹ dà á mọ́ ápù.

Ápù onísúgà lórí igi, tí wọ́n ń pè ní toffee apple, lẹ́wà, ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bíi 150°C, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara bó bá ta síni lára. A kò gbà yín níyànjú láti ṣe é pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́wàá. Ẹ yọ kóró inú ápù odindi dípò rẹ̀, ẹ ki èso àjàrà gbígbẹ, oyin àti ẹ̀pà fífọ́ sí ihò náà, kí ẹ sì yan án títí yóò fi rọ̀.

A kò ní owó tí a ó fi máa ra eré tuntun. Eré wo ni a lè ṣe fúnra wa fún alẹ́ tó gùn?

Ẹ ṣe ọpọ́n ayò. Páálí ẹyin mẹ́fà ní ihò mẹ́ta mẹ́ta ní ìlà méjì. Bí ẹ bá gé ìdérí méjì kúrò, tí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdí méjèèjì mọ́ra lórí páálí pẹlẹbẹ kan, ojúlé mẹ́fà ti bọ́ sí iwájú ẹni kọ̀ọ̀kan, mẹ́jìlá lápapọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kùn ún. Ọmọ ayò 48 ni ẹ nílò, mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wà tó tóbi dára, òkúta wẹ́wẹ́ dára, èso igi oaku náà dára bí ẹ bá yan èyí tó kéré, tí ẹ sì kọ́kọ́ gbé e sínú oven tí kò gbóná púpọ̀ fún wákàtí kan, nítorí kòkòrò máa ń jáde láti inú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Conker tóbi jù fún ihò ẹyin.

Òfin ìtayò yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò, nítorí náà èyí tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín fi kọ́ yín ni kí ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ má gbàgbé yẹ̀yẹ́ tó wà nídìí rẹ̀: ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè, ọmọ ọdún méje tó bá sì na bàbá rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ilé sinmi. Ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi lè gbà á láyè dípò tẹlifíṣọ̀n.

Ṣé òótọ́ ni pé a lè fi èèpo àlùbọ́sà pa aṣọ láró?

Òótọ́ ni, ó sì bá ilé tó ń se ọbẹ̀ ata mu, nítorí kò sí ilé Yorùbá tí èèpo àlùbọ́sà ti wọ́n. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń wà láàárín ìyeyè, ọsàn àti àwọ̀ ilẹ̀, bíi ti ewé òde gẹ́lẹ́. Ẹ kó èèpo gbígbẹ àlùbọ́sà bíi 20 jọ, ẹ sè é nínú ìkòkò àtijọ́ fún wákàtí kan, kí ẹ sì sẹ́ ẹ.

Aṣọ òwú funfun tó ti gbó ni kí ẹ lò. Aṣọ polyester kì í gba aró yìí. Ẹ dì í bí wọ́n ṣe ń di àdìrẹ oníko: ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ẹ̀wà sínú aṣọ, ẹ fi okùn tàbí rọ́bà wé e pinpin, níbi púpọ̀ bó bá ṣe wù yín. Ẹ rẹ aṣọ náà sínú omi kí ó kọ́kọ́ tutù, kí ẹ tó rì í sínú aró gbígbóná lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 45. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó tutù, ẹ ṣàn án, kí àwọn ọmọ sì tú ìdì náà fúnra wọn. Ìgbà yẹn ni ariwo máa ń sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ náà di aṣọ mú, ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná tí a yọ́ álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí rẹ aṣọ náà. Síbẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀. Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń ṣe oṣù ìtàn aláwọ̀ dúdú ní Ìlú Ọba láti ọdún 1987, ó sì máa ń wọ́pọ̀ kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé kí ó mú nǹkan ilé rẹ̀ wá: àdìrẹ tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì, tí ó sì lè sọ̀rọ̀ nípa Abẹ́òkúta àti Òṣogbo pẹ̀lú rẹ̀, sàn ju àsíá tí a rà lọ.

Nígbà wo ni aago ń yí padà, kí ni a sì lè fi òkùnkùn yẹn ṣe?

Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago méjì òru á padà di aago kan. Láti ọjọ́ náà lọ, Nàìjíríà á fi wákàtí kan ṣíwájú Ìlú Ọba, nítorí náà ẹni tó ń pe ìyá rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ní London, aago mẹ́sàn-án ló ń pè é. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá ni ti wọn.

Ilẹ̀ á ti ṣú kí aago márùn-ún tó lù. Àwọn àgbà kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ní Ìlú Ọba, èèwọ̀ yẹn kò ní dí yín lọ́wọ́ mọ́ kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ẹ pa iná gbọ̀ngàn, ẹ tan fìtílà kékeré kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlọ́ àpamọ̀, nítorí ó kúrú, ọmọ tó ń fi Yorùbá díẹ̀díẹ̀ sọ̀rọ̀ sì lè bá a lọ. “Òkun ń hó yeye, ọ̀sà ń hó yeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́”: ẹ pa á nídìí ìkòkò àmàlà, wọn yóò rí ọmọ orógùn fúnra wọn. Ẹ fi àlọ́ àpagbè, èyí tó lórin, sí òpin ọ̀sẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ní kí ọmọ mú oúnjẹ wá fún Ìkórè. Kí ni kí a fún un?

Oúnjẹ inú agolo, ìrẹsì, pásítà, ẹ̀wà, tíì, ohunkóhun tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì jìnnà, nítorí àwọn àjọ tó ń pín oúnjẹ fún aláìní ni ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń kó o fún. Agolo kan tó. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì ní ilé, ṣùgbọ́n yóò ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Bí Ìlú Ọba ṣe ń ṣe Ìkórè nínú ṣọ́ọ̀ṣì lónìí kò pẹ́ púpọ̀: ọdún 1843 ni àlùfáà Robert Hawker bẹ̀rẹ̀ irú ìsìn bẹ́ẹ̀ ní Morwenstow, ní Cornwall. Ẹ lè sọ fún ọmọ pé Ìkórè tí màmá àgbà ń ra aṣọ ẹgbẹ́ fún àti èyí tí òun ń gbé agolo lọ fún, ìbátan ni wọ́n.

A jẹ́ onígbàgbọ́, ṣé kí a jẹ́ kí ọmọ bá wọn ṣe Halloween?

Ẹ̀yin òbí ni ẹ ó pinnu, àwọn Kristẹni àti Mùsùlùmí pàápàá kò sì fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá jẹ́ alẹ́ tó ṣáájú àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ nínú ìjọ, àṣà ilẹ̀ Ireland àti Scotland àtijọ́ sì ti wọnú rẹ̀. Tọ́nípù ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀ kí àwọn tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà tó rí elégédé. Èwo ẹ bá yàn, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ ní gbólóhùn tó lè tún sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìtijú.

Ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń ṣe àríyá ìmọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní alẹ́ yẹn. Bí ẹ bá jókòó sílé, tí ẹ kò sì fẹ́ kí wọ́n kanlẹ̀kùn, ẹ pa iná ẹnu ọ̀nà, ẹ má sì gbé elégédé síta; èyí ni àmì tí àwọn aládùúgbò mọ̀. Bí ẹ bá gbà wọ́n láyè, aṣọ ilé tó: ìró, gèlè, fìlà àti gíláàsì bàbá lè sọ ọmọ di àgbàlagbà ẹlẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi aṣọ tó jọ ti egúngún ṣe é. Ohun ọ̀wọ̀ ìdílé kan ni, kì í ṣe aṣọ ìdẹ́rùbani.

Kí ni iná ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, báwo ni a sì ṣe lè wò ó láìséwu?

Ní ọdún 1605, wọ́n mú Guy Fawkes lábẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London pẹ̀lú ẹ̀tù ìbọn tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi pa ọba James Kìíní. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dáná ńlá lọ́jọ́ náà. Ẹ lọ wo ti àdúgbò bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, tàbí kí ẹ gun òkè kan tó ga kí ẹ sì máa wo ti gbogbo ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú kòkó gbígbóná nínú fíláàsì. Ní agbègbè Yorkshire, parkin ni wọ́n máa ń jẹ, àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi ọ́ọ̀tì àti atalẹ̀ ṣe. Ó máa ń dùn sí i bó bá lo ọjọ́ mélòó kan nínú agolo.

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ra báńgà. Ní England àti Wales, òfin kò gbà kí a yìn ín láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago méje òwúrọ̀, àyàfi lálẹ́ ọjọ́ 5 yìí tí wọ́n sún un dé aago méjìlá òru, àti lálẹ́ ọjọ́ ọdún mélòó kan. Sparkler, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń dáná sí, tí gbogbo ènìyàn rò pé eré ni, gbóná ju òróró tó ń hó lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ fún àwọn yòókù, kí ẹ sì gbé garawa omi sítòsí láti ki èyí tó ti kú bọ̀ ọ́.

A ń gbé ní Amẹ́ríkà. Kí ló yàtọ̀?

Thanksgiving ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù Kọkànlá, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1941 ṣe fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Tòlótòló kì í ṣe dandan. Adìyẹ pẹ̀lú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kò ba ọjọ́ náà jẹ́, ọ̀dùnkún tó kún ọjà lásìkò náà kò sì wọ́n. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ẹ fi háhá àgbàdo gbígbẹ ṣe ọmọláńgidi bí àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń ṣe é láti ayé àtijọ́: ẹ rẹ ẹ́ sínú omi kí ó rọ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi òwú di ọrùn, apá àti ìbàdí.

Ọmọ wa ní ohun tí àwọn ẹgbẹ́ òun ní ni òun fẹ́, kì í ṣe èyí tí a ṣe nílé. Kí ni ká ṣe?

Ẹ má bá a jà nítorí rẹ̀, ẹ má sì fi ìṣẹ́ kọ́ ọ bí ẹni pé ìjìyà ni. Ọmọ tó ń tijú nǹkan ilé sábà máa ń tijú pé òun nìkan ni òun ń ṣe é. Ẹ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá sílé lọ́jọ́ tí ẹ bá ń pa aṣọ láró tàbí tí ẹ bá ń dín puff-puff, kí ó jẹ́ òun ni yóò máa fi hàn wọ́n bí a ṣe ń ṣe é. Bí ó bá sì kù síbẹ̀ pé ó fẹ́ ohun kan láti ìsọ̀, ẹ jẹ́ kí ó yan ẹyọ kan péré fún gbogbo ìgbà ìwọ́wé, kí iye owó rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu yín kí ẹ tó jáde nílé.

Ṣé ọmọ lè kó ìpápánu tí a ṣe lọ sí ilé ẹ̀kọ́?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìlú Ọba kò gba ẹ̀pà láyè rárá, nítorí àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀pà díẹ̀ péré lè gbẹ̀mí wọn, àwọn kan kò sì gba oúnjẹ tí a sè nílé fún pínpín. Kúlíkúlí, ápù tí a ki ẹ̀pà sí àti ohun tí a fi òróró ẹ̀pà dín wà lára ohun tí a kò gbọdọ̀ kó lọ. Bí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí bébà kan, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí abọ́ náà; ẹ má fi ránṣẹ́ lẹ́nu ọmọ.